Gíláàsì Ẹ̀gbẹ́ Ọkọ̀ Kì Í Ṣe Ọ̀rọ̀ Fàájì

  

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lóṣù yìí kò dùn ún sọ, nítorí pé àwa gan-an ni ẹjọ́ náà kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní bí a bá dákẹ́, tara ẹni a máa bá ni dákẹ́. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́.

Ní ìpàdé ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó kan, nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ọmọ ẹgbẹ́ wa kan kọ̀wé wá pé kí a yá òun lówó pàjáwìrì. Olè ti fọ́ gíláàsì ilẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀ lápá ọ̀tún níbi tí ó gbé e sí, wọ́n sì ti gbé báàgì tó wà lórí ìjókòó lọ. Ọkọ̀ náà jẹ́ BMW onílẹ̀kùn méjì, irú èyí tí wọ́n ń ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, èyí tí àwọn ọmọ wa ń pè ní ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì. Kí akọ̀wé tó ka ìwé náà tán, ẹ̀rín ti sọ. Ẹnì kan ní, "Ẹni tó ń gun sípọ́ọ̀tì ló tún ń yá owó gíláàsì?" Ẹlòmíràn ní, "Kó lẹ náílọ̀n mọ́ ọn, afẹ́fẹ́ ló ń wá." Àwa náà rẹ́rìn-ín. A dá ìwé náà padà, a ní owó pàjáwìrì kì í ṣe owó fàájì.

Ọmọ ẹgbẹ́ wa kò bá wa jà. Ó gba ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ kan tó ń gé gíláàsì wíńdò ilé lọ. Wọ́n wọn ojú ibẹ̀, wọ́n gé gíláàsì ilé fún un, wọ́n fi pákó há a nísàlẹ̀ inú ilẹ̀kùn, wọ́n fi fóòmù àti gọ́ọ̀mù dí ibi tó bá ṣẹ́ kù lókè. Ẹ mọ̀ pé gíláàsì ilé tẹ́ pẹrẹsẹ, bẹ́ẹ̀ gíláàsì ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tẹ̀ díẹ̀ bí ìhà ìgbá. Kò bá ara mu, ṣùgbọ́n ó dí ojú ihò. Owó tó ná kò tó nǹkan, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ọmọ rẹ̀ obìnrin sọ̀ kalẹ̀ níwájú ilé, ó sì ti ilẹ̀kùn náà gbàà bí ọmọdé ṣe máa ń ṣe. Gíláàsì náà là sí gbọọrọ-gbọọrọ bí ọ̀bẹ. Ọ̀kan nínú rẹ̀ ya ọmọ náà lọ́rùn ọwọ́. Wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, wọ́n sì rán an. A dúpẹ́ pé ọmọ náà wà láàyè, ọwọ́ rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí a lọ kí wọn nílé, tí ọmọ náà kúnlẹ̀ kí wa pẹ̀lú báńdéèjì lọ́wọ́, kò sí ẹnì kan nínú wa tó lè gbójú sókè wo bàbá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ gbé omi fún wa. Kò sọ ọ̀rọ̀ búburú kankan. Ìyẹn gan-an ló dùn wá jù.

Nísinsìnyí, àwọn kan ṣì ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé ẹ̀bi ọkùnrin náà ni, ta ló ní kó ra ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì? Ẹ jẹ́ ká dá wọn lóhùn. Èkíní, òkú owó ló fi ra ọkọ̀ náà ní tòkunbọ̀, nítorí pé onílẹ̀kùn méjì kì í yá tà lọ́dọ̀ wa. Ìyàwó kò fẹ́ ẹ, onítakisí kò fẹ́ ẹ, ni iye rẹ̀ bá wálẹ̀. Ó ń fi bùútù rẹ̀ kó ọjà, a sì ti rí i lójú wa. Èkejì, kí ni àwa fúnra wa ń yá owó pàjáwìrì fún? Ẹ ṣí ìwé ẹgbẹ́ wò. A yá owó òkú àgbà, a yá owó aṣọ ẹbí, a yá owó ìsọmọlórúkọ. A kò bi ẹnikẹ́ni pé irú ẹran wo lẹ fẹ́ pa. Ìgbà tó wá kan gíláàsì ni a di adájọ́. Ẹ̀kẹta, tí ó sì ṣe pàtàkì jù, ara ọmọ ènìyàn kò mọ ọkọ̀ fàájì yàtọ̀ sí ọkọ̀ ọjà. Gíláàsì burúkú tó wà lára bọ́ọ̀sì akérò àti èyí tó wà lára sípọ́ọ̀tì, bákan náà ni wọ́n ń ya ẹran ara.

A ti wá rí i pé àìmọ̀ ló bá wa jà. Nítorí náà, a wádìí lọ́dọ̀ àwọn tó mọ̀ ọ́n, a sì fẹ́ kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ mọ ohun tí a mọ̀ báyìí, nítorí ẹni tó ní ọkọ̀ láàrin wa pọ̀, ẹni tó sì ń wọ ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kì í ṣe gíláàsì kan náà ló wà lára ọkọ̀. Gíláàsì iwájú tí awakọ̀ ń wò lọ jẹ́ awẹ́ méjì tí wọ́n fi ohun kan bíi rọ́bà tín-ínrín lẹ̀ pọ̀ ní àárín. Bí òkúta bá bà á, ó lè là, ṣùgbọ́n kò ní ya lulẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tó ń jẹ́ Édouard Bénédictus ló rí ọgbọ́n yìí ní 1903, nígbà tí ìgò kan já lulẹ̀ níbi iṣẹ́ rẹ̀. Ìgò náà là, ṣùgbọ́n kò tú ká, nítorí ohun tó ti gbẹ mọ́ inú rẹ̀. Ní 1909 ni ó gba ìwé àṣẹ fún un.

Gíláàsì ẹ̀gbẹ́ àti ti ẹ̀yìn yàtọ̀. Awẹ́ kan ṣoṣo ni púpọ̀ nínú wọn. Wọ́n á kọ́kọ́ gé e, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ bí wọ́n ṣe fẹ́ ẹ, wọ́n á lu ihò tí yóò gba bóòtù, kí wọ́n tó gbé e wọ inú iná tí ooru rẹ̀ ju 600 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ẹ rántí pé 100 ni omi fi ń hó. Bí ó bá ti gbóná tó, wọ́n á fẹ́ atẹ́gùn tútù lù ú lójú kan náà. Ara òde rẹ̀ á kọ́kọ́ le, inú rẹ̀ á sì tutù lẹ́yìn, á máa fa ara òde mọ́ra. Ìfàmọ́ra yìí ló mú kí ó lágbára ju gíláàsì ilé lọ ní ìlọ́po mélòó kan. Òun náà ló sì fà á tí ó fi jẹ́ pé, bí ó bá fọ́, gbogbo rẹ̀ ń fọ́ lẹ́ẹ̀kan, wẹ́wẹ́ bí iyọ̀ òkúta, tí kì í sí gbọọrọ tó dà bí ọ̀bẹ nínú rẹ̀. Ó lè họ ènìyàn lára díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í sábà gé iṣan.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Gíláàsì tí wọ́n ti fi iná mú le báyìí, kò ṣeé gé mọ́, kò ṣeé lu mọ́. Bí oníṣẹ́ bá fi ohun ìgégíláàsì kàn án, ó di wẹ́wẹ́ nìyẹn. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé òun yóò gé gíláàsì ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ fún yín ní ìwọ̀n tí ẹ fẹ́, ẹ mọ̀ dájú pé gíláàsì ilé ló fẹ́ gé. Kò sí ọ̀nà kejì. Ẹ dìde kúrò níbẹ̀ ni o.

Ní ti ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì, wàhálà rẹ̀ tún lé ní kan. Ilẹ̀kùn ọkọ̀ tí a mọ̀ ní férémù irin tó yí gíláàsì ká. Gíláàsì á máa rìn nínú férémù yẹn bí ọmọ tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọkọ̀ onílẹ̀kùn méjì kò ní férémù. Gíláàsì á kàn dúró lásán láti inú ilẹ̀kùn, orí rẹ̀ á sì lọ fi ara ti rọ́bà tó wà létí òrùlé. Gígùn ilẹ̀kùn náà pọ̀, gíláàsì náà wúwo. Bí ẹni tó dè é bá ṣi í dè bí ìbú ìka, omi á wọlé, atẹ́gùn á máa súfèé létí yín bí ẹ bá sáré díẹ̀. Ní ti irú BMW tí a sọ yìí, àti ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀, bí ẹ bá di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú, gíláàsì á kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Bí ẹ bá tì í, á tún gòkè lọ bọ́ sábẹ́ rọ́bà. Bí wọ́n bá pààrọ̀ gíláàsì tàbí tí wọ́n yọ bátìrì, ó lè jẹ́ pé rìwáyà ní láti tún kọ́ ọkọ̀ náà ní ibi tí òkè àti ìsàlẹ̀ wà. Ẹni tí kò mọ èyí á máa fi tipátipá ti ilẹ̀kùn, gíláàsì tuntun á tún lọ. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Bí ó bá wá ṣẹlẹ̀ sí yín, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó ṣẹlẹ̀, ẹ má kánjú. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn. Ẹ má tẹ bọ́tìnnì gíláàsì lórí ilẹ̀kùn náà, nítorí èérún yóò há sínú ẹ̀rọ tó ń gbé e. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ lọ fi tó àwọn ọlọ́pàá létí bó bá jẹ́ olè, kí ẹ sì bi ilé iṣẹ́ ìbánigbófò yín bóyá tiyín kan gíláàsì. Ẹni tó ní kìkì ìbánigbófò ti ẹnìkẹta, ẹ má retí kọ́bọ̀ níbẹ̀. Ẹ gbá ìjókòó àti ilẹ̀ ọkọ̀ dáadáa, pàápàá ibi tí ọmọdé ń jókòó. Náílọ̀n dára fún òru kan, kí òjò má ba wáyà jẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe àtúnṣe.

Mẹkáníìkì tó mọ iṣẹ́ á tú ìbòrí inú ilẹ̀kùn, á sì kó gbogbo èérún tó ti já sí ìsàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ni kì í ṣe èyí. Èérún náà á dí ihò kékeré tí omi òjò ń gbà jáde lábẹ́ ilẹ̀kùn. Omi á dúró síbẹ̀, irin á dógùn-ún, ilẹ̀kùn á jẹ láti inú wá. Ẹ dúró tì í, kí ẹ sì rí i lójú yín.

Nígbà tí ẹ bá dé ọjà, ìbáà ṣe Gate níbí ní Ìbàdàn tàbí Ládípọ̀ ní Èkó, ẹ má kàn sọ pé gíláàsì BMW lẹ fẹ́. Ẹ mú ọdún ọkọ̀ dání, ẹ sọ pé onílẹ̀kùn méjì ni, ẹ sọ apá tó jẹ́. Ti onílẹ̀kùn mẹ́rin kò lè wọ ọ́ láéláé. Ẹ wo igun ìsàlẹ̀ gíláàsì náà. Àmì wà níbẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ọn: lẹ́tà E nínú òbírí pẹ̀lú nọ́ńbà, tí a bá sọ̀rọ̀ ti Yúróòpù, tàbí DOT àti AS2, tí a bá sọ̀rọ̀ ti Amẹ́ríkà. Ẹ fi wé àmì tó wà lára gíláàsì yòókù tó ṣì wà lára ọkọ̀ yín. Gíláàsì tí kò ní àmì kankan, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Ẹ fi ìka tẹ etí rẹ̀ yíká pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí etí bá ti fọ́ díẹ̀, kò ní pẹ́ tí gbogbo rẹ̀ yóò fi lọ, nítorí etí ni àìlera rẹ̀ wà. Ẹ gbé e sójú oòrùn, kí ẹ wò ó bóyá ó ní ìhọra. Kí àwọ̀ rẹ̀ sì bá ti ẹgbẹ́ rẹ̀ mu. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi èyí tó dúdú tàn yín pé ó bá sípọ́ọ̀tì mu. Òfin ilẹ̀ wa ti 1991 ka gíláàsì dúdú léèwọ̀ lára ọkọ̀, àfi ẹni tó bá gba ìyọ̀ǹda.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá dè é tán, ẹ fi náírà bébà kan sí àárín gíláàsì àti rọ́bà, kí ẹ ti ilẹ̀kùn, kí ẹ sì fà á. Bí ó bá yọ wẹ́rẹ́ láìjanpata, wọn kò tíì dè é dáadáa. Ẹ fà á wò níwájú, láàrin àti lẹ́yìn. Kí ẹ tó sanwó tán, ẹ bu omi lé e lórí.

Ohun kan tún wà tí a kò gbọ́dọ̀ gbàgbé. Lára ọkọ̀ tuntun, àwọn kan ti ń fi gíláàsì awẹ́ méjì sí ẹ̀gbẹ́ náà, kí ènìyàn má baà já síta bí ọkọ̀ bá dojú dé. Ó dára, ṣùgbọ́n ó ní tirẹ̀. Ní 2019, ẹgbẹ́ awakọ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní AAA dán ohun èlò mẹ́fà tí a fi ń fọ́ gíláàsì jáde nínú ọkọ̀ wò. Mẹ́rin nínú wọn fọ́ gíláàsì tí iná mú le. Kò sí ọ̀kan ṣoṣo tó la awẹ́ méjì kọjá. Nítorí náà, ẹ ka igun gíláàsì yín lónìí. Bí wọ́n bá kọ TEMPERED síbẹ̀, ó ṣeé fọ́ jáde. Bí ó bá jẹ́ LAMINATED, ẹ mọ̀ pé ilẹ̀kùn ni ọ̀nà yín, kí ẹ sì kọ́ àwọn ará ilé.

Kí wá ni a ń bèèrè? Ohun mẹ́ta péré ni.

Àkọ́kọ́, kí ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó fi gíláàsì àti bíréèkì ọkọ̀ sínú ohun tí a lè yá owó pàjáwìrì fún, láìbéèrè irú ọkọ̀ tó jẹ́. Ẹnì kan á ní gbogbo ènìyàn á wá máa fọ́ gíláàsì láti gba owó. A ti rò ó. Kí ẹgbẹ́ má fi owó lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Kí akápò san án tààrà fún ẹni tó ta gíláàsì, kí a gba rìsíìtì, kí onígbọ̀wọ́ méjì fọwọ́ sí i bí a ti ń ṣe, kí a sì máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù tí olúkúlùkù ń dá. Ẹni tó fẹ́ ṣe màgòmágó kò ní rí owó mú lọ.

Èkejì, kí a yan ẹni méjì nínú àwa tó ń ta ohun èlò ọkọ̀, kí wọ́n máa bá ọmọ ẹgbẹ́ ra gíláàsì. Ọwọ́ ẹni tí kò mọ ọjà ni ọjà ti ń wọ́n. Ẹni tó ti ń ra nǹkan níbẹ̀ láti ọdún pípẹ́, wọn kò lè fi gíláàsì onílẹ̀kùn mẹ́rin tàn án.

Ẹ̀kẹta, kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tó ń gé gíláàsì ilé jẹ́jẹ̀ẹ́ fún wa pé àwọn kò ní gé e fún ọkọ̀ mọ́. A mọ̀ pé oúnjẹ wọn ni, a kò sì bú wọn. Àwa tí a kọ̀ láti yáni lówó ló ń lé ènìyàn lọ bá wọn. Bí ẹgbẹ́ bá ṣe tirẹ̀, kò ní ṣòro fún wọn láti ṣe tiwọn.

Láti ìgbà tí òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti dé ilẹ̀ wa ní 1935, ohun kan náà ni àwọn bàbá wa fi dá irú ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀: kí ìṣòro má baà lé ọmọ ẹgbẹ́ lọ sọ́wọ́ ẹni tí yóò fi ìṣòro náà jẹun. Ní ọjọ́ tí a rẹ́rìn-ín yẹn, a lé ẹnìkan lọ. Owó tó béèrè kò tó ìdá mẹ́ta owó tí a ná sórí ìpàdé ọdún tó kọjá, ẹ sì mọ̀ pé ìrẹsì àti aṣọ ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Àwa tí a kọ èyí, a ti lọ bẹ̀ ẹ́ nílé. Ó ní òun ti gbàgbé. Ó fẹ́ràn wa ni, àwa kò gbàgbé. Gíláàsì tòótọ́ ti wà lára ọkọ̀ náà báyìí. A dá owó rẹ̀ láàrin ara wa, láti inú àpò wa, kì í ṣe láti inú àpò ẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n ìyẹn kò tó. Ohun tí ẹni márùn-ún fi ojú àánú ṣe lẹ́ẹ̀kan, ó yẹ kí ó di ìlànà tí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè gbẹ́kẹ̀ lé, kó má ṣe ní láti kọ́kọ́ fara gbọgbẹ́ kí a tó ṣàánú rẹ̀.

A ó gbé ọ̀rọ̀ yìí wá sí ìpàdé gbogbogbò tó ń bọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dúró sílé. Ẹni tó bá lòdì sí i, kó wá sọ ọ́ lójú gbogbo ènìyàn, a ó gbọ́ ọ. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Kí ẹ tó dé ìpàdé náà, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ lọ wo igun gíláàsì yín. Bí ẹ kò bá rí àmì kankan níbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ọmọdé jókòó sápá ibẹ̀ mọ́.